Bí a ṣe ń dá àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ mọ̀ láàárín àwọn ọnà èdè yòókù

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, gbólóhùn yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún un kí n tó ṣàlàyé ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ kò ní èèpo, kò sì sí ẹyẹ kan tó yé e. Síbẹ̀, gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ ló mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìkìlọ̀ ni: ohun tó bá ti ẹnu jáde kò ṣeé kó padà. Ẹnì kan mú orúkọ ohun kan, ó fi pe ohun mìíràn, ìtumọ̀ sì mọ́lẹ̀ ju bí ì bá ṣe mọ́lẹ̀ ká ní ó sọ ọ́ ní ṣákálá.

Òfin tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa kúrú: bí “bí” bá wà nínú gbólóhùn, àfiwé tààrà ni, bí kò bá sí, ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni. Mi ò kórìíra òfin yìí, ó ń ran ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbára lé e nìkan yóò máa ṣìnà. “Bí òjò bá rọ̀, a ò ní jáde”: “bí” wà níbẹ̀, kò sí àfiwé kankan. “Àbúrò mi ga bíi tèmi”: a fi nǹkan wé nǹkan lóòótọ́, àmọ́ ènìyàn la fi wé ènìyàn, gíga wọn la sì ń wọ̀n, kò sí ọnà èdè níbẹ̀. “Olú ni olùkọ́ wa”: kò sí “bí”, kò sì sí ẹlẹ́lọ̀ọ́, nítorí pé iṣẹ́ tí Olú ń ṣe gan-an nìyẹn. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ “Olú ni òpó ilé wa.” Ẹlẹ́lọ̀ọ́ dé. Gírámà gbólóhùn méjèèjì kò yàtọ̀ rárá. Inú ìtumọ̀ la gbọ́dọ̀ ti wá ìyàtọ̀ wọn, ọ̀nà tí a ó gbà wá a ni mo fẹ́ tọ́ka sí nísàlẹ̀ yìí.

Kọ́kọ́ mọ ohun mẹ́ta tó máa ń wà níbẹ̀

Ní 1936, I. A. Richards, onímọ̀ lítíréṣọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àwọn ẹ̀yà àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ lórúkọ kí ó lè rọrùn láti sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ní èdè tiwa, mo máa ń pè wọ́n báyìí: ohun tí à ń wí, ohun tí a fi wé e, àti okùn tó so wọ́n pọ̀. Nínú “Olú ni òpó ilé wa,” Olú ni à ń wí, òpó la fi wé e. Okùn tó so wọ́n ni pé òpó ló gbé ẹrù ilé dúró. Bí a bá yọ ọ́, ilé á yẹ̀.

Ẹ dúró díẹ̀ lórí okùn yẹn, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Òpó ní ìwà púpọ̀. Igi ni, kì í sọ̀rọ̀, kì í kúrò lójú kan. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tó kan Olú nínú gbólóhùn yìí. Ìwà kan ṣoṣo la mú, a fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ yí gbólóhùn náà padà díẹ̀: “A pè é títí, Olú kàn dúró síbẹ̀ bí òpó.” Òpó kan náà ni, Olú kan náà ni, ṣùgbọ́n ìwà mìíràn la mú lọ́tẹ̀ yìí: àìfọhùn àti àìmira. Ìyìn ti di ẹ̀sùn. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé “àfiwé ni, ó fi Olú wé òpó” kò tíì sọ nǹkan kan. Ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n fi jọra.

Nígbà mìíràn, ohun tí à ń wí kì í hàn rárá. Bí Olú bá kú, tí ẹnì kan sì wí pé “Òpó ti yẹ̀,” a kò dárúkọ Olú níbẹ̀. Olùgbọ́ ni yóò wá a rí láti inú ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Irú èyí ló máa ń ṣòro jù fún ẹni tó ń ka ewì, mo sì gbàgbọ́ pé òun náà ló ń dùn jù.

Ìgbésẹ̀ tí ẹ lè tẹ̀ lé

Ó ti lé ní ẹgbẹ̀wá ọdún ó lé ọ̀ọ́dúnrún (2,300) tí Aristotle, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìsì, ti sọ pé fífi orúkọ tó jẹ́ ti ohun kan pe ohun mìíràn ni àfiwé yìí. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ní èdè wọn, metaphora, túmọ̀ sí gbígbé nǹkan láti ibì kan kọjá sí ibòmíràn. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́lọ̀ọ́: ìtumọ̀ kì í ṣe ẹrù tí a ń gbé.

Ní 2007, àwọn onímọ̀ èdè mẹ́wàá tí wọ́n pe ara wọn ní Pragglejaz, orúkọ tí wọ́n fi lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ wọn hun, gbé ìlànà kan jáde fún dídá ọ̀rọ̀ ẹlẹ́lọ̀ọ́ mọ̀. Mo ti tún un ṣe díẹ̀ kí ó lè bá Yorùbá mu. Gbólóhùn tí a ó fi dán an wò nìyí: “Kí alága tó dé, ọ̀rọ̀ náà ti gbóná, òun ló bu omi tútù sí i.”

1. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ tán kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹyọ ọ̀rọ̀ kankan. “Iná ń jó nínú ilé yẹn” lè jẹ́ iná tí èéfín rẹ̀ ń rú, ó sì lè jẹ́ ìjà tọkọtaya. Gbólóhùn náà nìkan kò lè sọ fún yín. Ohun tó wà ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀ ló lè sọ. Nínú àpẹẹrẹ tiwa, ìpàdé ni wọ́n wà.

2. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ní ìtumọ̀, kí ẹ béèrè ohun tó túmọ̀ sí níbí yìí. “Gbóná” níbí túmọ̀ sí pé wọ́n ti ń bínú síra wọn. “Bu omi tútù sí i” túmọ̀ sí pé alága pẹ̀tù sí wọn lọ́kàn.

3. Ẹ wá béèrè ibi tí ilé ọ̀rọ̀ náà wà. Ohun tí mo ń pè ní ilé ọ̀rọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ tó ṣeé fọwọ́ kàn, tó ṣeé fojú rí, tàbí tí ara lè mọ̀ lára. Ilé “gbóná” wà lára iná, oòrùn àti omi orí ààrò. Ilé “bu” wà níbi tí igbá tàbí ife bá ti kan omi. Ẹ má ṣe rò pé ìtumọ̀ tí ẹnu ń sọ jù ni ilé ọ̀rọ̀. “Gbé” nínú “gbé ìgbésẹ̀” lè máa jáde lójoojúmọ́ nínú ìròyìn, síbẹ̀ ilé rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹni tó fọwọ́ mú nǹkan nílẹ̀.

4. Bí ìtumọ̀ ibí àti ìtumọ̀ ilé bá yàtọ̀, ẹ béèrè bóyá ìjọra ló gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò nílé. Ìbínú máa ń mú ara gbóná. Ó sì lè ràn láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn bí iná ṣe ń ràn. Ìjọra wà. Ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni. Bí omi ṣe ń pa iná ni ọ̀rọ̀ ìtùnú ń pa ìbínú. Ìyẹn náà wọlé, ẹ sì kíyè sí i pé ó tẹ̀lé ti àkọ́kọ́: ẹni tó bá ti sọ ọ̀rọ̀ di iná ti ṣílẹ̀kùn fún omi.

Bí kò bá sí ìjọra kankan, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì tó kàn pàdé ní ìró. “Bí” tí obìnrin fi ń bí ọmọ àti “bí” inú “bí òjò bá rọ̀” kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn kan náà ni wọ́n gbé. Ẹ má sì gbàgbé àmì ohùn. Ẹni tó bá kọ “ọkọ” sílẹ̀ láìsí àmì lè pàdánù àkókò rẹ̀ níbi tó ti ń wá ìjọra láàárín baálé ilé, ohun èlò oko àti ohun ìrìnnà.

Kókó kan kù tí ọ̀pọ̀ ìwé kì í mẹ́nu bà. Wọ́n sábà máa ń sọ pé a máa mọ ẹlẹ́lọ̀ọ́ nítorí pé irọ́ ni gbólóhùn rẹ̀ bí a bá wò ó ní gidi: ẹyin kọ́ ni ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: “Ọmọ ènìyàn kì í ṣe òkúta.” Òótọ́ pọ́ńbélé ni! Síbẹ̀, kò sí ẹni tó ń kọ́ wa ní ìmọ̀ nípa àpáta. Ohun tó ń sọ ni pé ènìyàn ń mọ ìrora, ó sì ń rẹ̀ ẹ́. Ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni, inú òótọ́ ló sápamọ́ sí.

Àwọn àfiwé tí a ti gbàgbé pé àfiwé ni

Bí ẹ bá fi ìgbésẹ̀ mẹ́rin yìí wo èdè ojoojúmọ́, ẹnu á yà yín. Ẹnu ọ̀nà. Etí odò. Ojú abẹ́rẹ́. Ọrùn ìgò. Ẹsẹ̀ tábìlì. Ara ènìyàn la fi ń pe gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tó ń rí etí mọ́ bó bá gbọ́ “etí odò.” Àfiwé wọ̀nyí ti sùn. Ṣùgbọ́n akéwì lè jí wọn: bó bá kọ ọ́ pé “odò na etí rẹ̀, ó ń gbọ́ wa,” etí tó ti sùn láti ọjọ́ pípẹ́ á tún di etí.

Ọ̀rọ̀-ìṣe náà kún fún un. A ń jẹ gbèsè, a ń jẹ ìyà, a ń jẹ oyè, ẹnu kò sì mira nínú ọ̀kankan. Ẹ tún wo ohun tí a ń ṣe sí “ọ̀rọ̀”: a ń gbé e kalẹ̀, a ń fà á gùn, a ń gbé e mì, a ń já a gbà mọ́ ẹlòmíràn lẹ́nu. Nínú gbogbo rẹ̀, ohun tó ṣeé fọwọ́ mú ni ọ̀rọ̀. Irú nǹkan báyìí ni George Lakoff àti Mark Johnson tọ́ka sí ní Amẹ́ríkà ní 1980, nígbà tí wọ́n sọ pé inú èrò wa ni ẹlẹ́lọ̀ọ́ ń gbé kó tó dé ẹnu wa. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń pe àkókò tí kò tíì dé: “ọjọ́ iwájú” ni, “ẹ̀yìn ọ̀la” sì tún ni. Iwájú àti ẹ̀yìn, fún ohun kan náà! Nínú àkọ́kọ́, a ń rìn lọ bá ọjọ́ náà. Nínú ìkejì, ọ̀la ló ṣíwájú, ohun tó ń bọ̀ sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Àwòrán méjì ni, kò sì dí ara wọn lọ́wọ́.

Àwọn orúkọ tuntun tí a ṣẹ̀dá náà ń sọ ìtàn yìí. “Ẹ̀rọ ayárabíàṣá” tí à ń pe kọ̀ǹpútà jẹ́ odidi àfiwé tààrà tí a ká sínú orúkọ kan, “bí” rẹ̀ ṣì wà láàárín rẹ̀ kedere. “Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán” kò ní àfiwé kankan. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe ló kàn sọ.

Bí ẹ ṣe máa yà á kúrò lára àwọn yòókù

Àfiwé tààrà ló sún mọ́ ọn jù. Ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ hàn: bí, bíi, dà bí, jọ, àfi bí ẹni pé. “Ó sáré bí ẹfúùfù” jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé nǹkan méjì ló wà, ó sì fi àlàfo sáàárín wọn. “Ẹfúùfù ni lórí pápá” mú àlàfo náà kúrò. Ìdí nìyí tí ẹlẹ́lọ̀ọ́ fi máa ń le jù, tó sì máa ń ṣeé ṣì lóye jù. Àmì tí àfiwé tààrà ń fi síta wúlò nígbà tí ìjọra náà bá ṣàjèjì sí olùgbọ́. Ẹ rántí ìkìlọ̀ ìbẹ̀rẹ̀: kí ohun méjèèjì jẹ́ ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwọ̀n lásán ni.

Ìfohunpènìyàn, ní tèmi, ọmọ bíbí inú ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni. Ohun tí a fi wé e ni ènìyàn nígbà gbogbo. “Òru na apá rẹ̀, ó gbá ilé mọ́ra.” Bí ìwà tí a fún nǹkan náà bá jẹ́ ti ènìyàn, ẹ pè é ní ìfohunpènìyàn. Bó bá jẹ́ ti ẹranko tàbí ti igi, bí “ìbànújẹ́ hu gbòǹgbò,” ẹ padà sí ẹlẹ́lọ̀ọ́.

Èyí tó ń tan ènìyàn jẹ jù ni fífi ohun tó sún mọ́ nǹkan pe nǹkan náà. “Adé ti sọ̀rọ̀,” ọba la ní lọ́kàn. “A nílò ọwọ́ púpọ̀ síbi iṣẹ́ yìí,” ènìyàn là ń wá. Níbi méjèèjì, orúkọ ohun kan kúrò nílé rẹ̀ lọ bá ohun mìíràn, kò sì sí “bí.” Ẹni tó di òfin àtijọ́ mú yóò ké pé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni. Àmọ́ adé kò jọ ọba, orí rẹ̀ ló ń gbé. Ọwọ́ kò jọ òṣìṣẹ́, ara rẹ̀ ló wà. Ìsúnmọ́ra ló gbé orúkọ náà, ìjọra kọ́. Ẹ lè fi “dà bí” dán an wò. “Olú dà bí òpó” mọ́gbọ́n dání. “Ọba dà bí adé” kò gbé nǹkan kan wá. Bí “dà bí” bá kọ̀ láti wọlé, ẹ wá ìsúnmọ́ra. Roman Jakobson, onímọ̀ èdè, sọ ní 1956 pé ìjọra àti ìsúnmọ́ra ni ọ̀nà méjì pàtàkì tí ọ̀rọ̀ gbà ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀; ó ṣe àkíyèsí pé àwọn tí àìsàn ọpọlọ ba ọ̀rọ̀ sísọ wọn jẹ́ lè pàdánù ọ̀kan kí èkejì ṣẹ́ kù. Èyí máa ń jọ mí lójú púpọ̀, pé ohun tí a ń kọ́ nínú kíláàsì lítíréṣọ̀ ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ nínú orí wa.

Àsọdùn rọrùn. “Mo ti sọ ọ́ fún ẹ ní ìgbà ẹgbẹ̀rún”: nǹkan kò kúrò ní ilé, iye rẹ̀ la fẹ̀ kọjá ààlà. Ọ̀rọ̀ tí a fi òdìkejì rẹ̀ sọ náà rọrùn, bí ẹni tó rí ọ̀lẹ tó sùn fọnfọn tó sì kí i pé “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Ohùn ni yóò tú u fó.

Àdàpè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdí tí a fi sọ ọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bí a ṣe sọ ọ́. A fẹ́ bo ohun tó le tàbí tó ń tini lójú. Nítorí náà, gbólóhùn kan lè jẹ́ àdàpè kí ó sì tún jẹ́ ẹlẹ́lọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dandan lé e pé kí ẹ mú ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni àkànlò èdè. “Ó fi àáké kọ́rí” túmọ̀ sí pé ó kọ̀ jálẹ̀, a kò sì lè fi àdá rọ́pò àáké níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti gan ni. Ẹlẹ́lọ̀ọ́ tó wà láàyè máa ń gba àyípadà: ẹni tó ní Olú jẹ́ òpó ilé lè tún pè é ní ìpìlẹ̀ tàbí ògiri. Ti òwe yàtọ̀ díẹ̀, nítorí odidi gbólóhùn ni òwe ń gbé lọ bá ọ̀ràn tó wà nílẹ̀. “Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀” fúnra rẹ̀ jẹ́ òwe tí ẹlẹ́lọ̀ọ́ gbé ró.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣẹ̀dá tiyín

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ohun tí ẹ fẹ́ wí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwòrán tó dára lójú. Ká ní ìrètí ni. Ẹ béèrè ìwà rẹ̀ tí ẹ fẹ́ sọ: pé ó kéré, pé ó ń ṣẹ́ kù nígbà tí gbogbo nǹkan bá lọ, pé a ní láti tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ohun tó ṣeé fojú rí tó ní ìwà wọ̀nyẹn. Ẹyin iná tó ṣẹ́ kù nínú eérú ní gbogbo rẹ̀. “Ẹyin iná kan kù nínú eérú ọkàn rẹ̀.”

Ẹ wá fà á gùn wò. Ṣé a lè fẹ́ ẹ kó ràn? A lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé ó lè jó ẹni tó bá dì í mú pinpin? Ìyẹn náà lè jẹ́ òótọ́ nípa ìrètí. Àfiwé tó bá ń fún yín ní nǹkan tuntun bí ẹ ṣe ń fà á, ẹ dì í mú. Ṣùgbọ́n ẹ má da á pọ̀ mọ́ òmíràn. “Ẹyin iná ìrètí rẹ̀ hu ewé, ó sì fò lọ” ti sọ nǹkan kan di mẹ́ta, òǹkàwé kò sì ní mọ èyí tí yóò rí. Ẹ má sì ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá sọ ọ́ tán. Bó bá nílò àlàyé, ẹ sọ ọ́ di àfiwé tààrà tàbí kí ẹ wá òmíràn.

Ìdánrawò kan

“Erin wó, àjànàkú sùn bí òkè.” Ẹni ńlá ló kú. Ẹ tú u kí ẹ tó ka ìyókù.

“Erin” jẹ́ ẹlẹ́lọ̀ọ́ tí ohun tí à ń wí kò hàn nínú rẹ̀. Títóbi ni okùn tó so wọ́n. Ilé “wó” wà lọ́dọ̀ ilé àti igi, nítorí náà ẹlẹ́lọ̀ọ́ kejì wà nínú ti àkọ́kọ́: ènìyàn di erin, erin di ilé tó ń ya lulẹ̀. “Bí òkè” jẹ́ àfiwé tààrà, àsọdùn sì wà nínú rẹ̀. “Sùn” ló máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àdàpè ni, nítorí ó bo ikú. Ẹlẹ́lọ̀ọ́ náà ni, nítorí ẹni tó kú jọ ẹni tó sùn. Bí ẹ bá kọ méjèèjì sílẹ̀, ẹ gbà á.